Gbàǹjo Òyìnbó: Èyí Tí Télọ̀ Lè Tún Ṣe Ni Kí Ẹ Dúró Dè

Àwọn lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi láti ìparí oṣù tó kọjá, àfi bíi pé àwọn tó kọ wọ́n jọ ṣèpàdé. Gbogbo wọn ló ń béèrè nípa aṣọ dísáínà ọkùnrin tí àwọn ilé ìtajà òkè òkun ń tà ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò yà mí lẹ́nu. Oṣù Kẹfà la wà yìí, ìgbà tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pupa sórí iye owó nìyí. Mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà náà. Èyí àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, torí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, kò sì sí ẹni tó ń sún ọjọ́ ìyàwó síwájú torí pé aṣọ ò tíì dé.

*Bàbá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́. Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó wa. Aṣọ òkè la máa wọ̀ níbi ìdána, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi bùlésà dísáínà kan ṣe àsè alẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ àti bàtà lófà. Mo ti rí bùlésà náà lórí fóònù: dọ́là 800 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti já a sí 560. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má ṣe wàràwàrà, kí n dúró de Black Friday, pé ìdajì owó ni wọ́n máa tà á nígbà yẹn. Owó wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n rà á ni àbí kí n dúró? — Ọkọ Ìyàwó Oṣù Kejìlá, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ọmọ mi, o kú ìmúra o. Ọjọ́ á pé, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú gbogbo wa.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ oṣù àti ọjọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ aró kan wọ̀ mí lójú. Ìtálì ni wọ́n ti rán an. Nọ́ńbà 50 ni mò ń wọ̀ ní ti àwọn ará Ìtálì, ìyẹn ìnṣì 40 láyà ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì (ẹ máa fi mẹ́wàá yọ nínú nọ́ńbà Ìtálì, ó ti tán). Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí owó rẹ̀, 50 wà níbẹ̀. Mo ní rárá o, ó ṣì máa wálẹ̀ sí i. Lóòótọ́ ó wálẹ̀. Ó di ìdá 50, sáìsì mi ti lọ. Ó di ìdá 70, 54 nìkan ló kù lórí àtẹ. Ni ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ bá gbé mi wọ̀: ṣebí èmi fúnra mi ni télọ̀? Mo rà á, mo ní màá gé e mọ́ra.

Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo tú apá, mo tú páàdì èjìká, mo tú kọ́là. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi ọwọ́ pàtàkì mú, kánfáàsì ni wọ́n fi sí ìgbáàyà rẹ̀ nínú, tí wọ́n fi òwú rán mọ́ra ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀; kì í ṣe gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ bíi ti èyí tí à ń rí rà lọ́jà. Bí o bá ti gé irú ẹ̀ níbì kan, gbogbo ibi yòókù ló máa bínú. Nígbà tí mo dá a padà tán tí mo wọ̀ ọ́ síwájú dígí, kọ́là rẹ̀ yẹra fún mi lọ́rùn bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ó ṣì ń bẹ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíè. Òun ni mo fi ń han àwọn ọmọ iṣẹ́ bí èjìká ò ṣe gbọdọ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pín ọjà gbàǹjo sí méjì. Èyí tí télọ̀ lè tún ṣe, mo máa ń dúró dè é títí tí owó rẹ̀ á fi balẹ̀ pátápátá. Èyí tí télọ̀ kò lè tún ṣe, ní kété tí wọ́n bá ti já a lẹ́ẹ̀kíní báyìí, mo ti ra tèmi.

Èjìká bùlésà, télọ̀ kò lè tún un ṣe. Gígùn rẹ̀ náà nìyẹn: bí mo bá gé e, àpò á fẹ́ẹ̀ máa wọ́lẹ̀. Bàtà ńkọ́, ta ló ń dín bàtà kù? Ṣùgbọ́n ṣòkòtò, ìyẹn ni mo lè ṣe tí mo bá ń tòògbé. Mo lè dín ìbàdí rẹ̀ kù ní ìnṣì méjì kí àpò ẹ̀yìn méjèèjì tó súnmọ́ra jù. Bí wọ́n bá sì rán an dáadáa, aṣọ máa ń ṣẹ́kù sínú ojú ìrán ẹ̀yìn, mo lè tú tó ìnṣì kan sílẹ̀ fún ẹni tí ikùn rẹ̀ ń dàgbà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Apá bùlésà wà láàárín méjì: ó ṣeé ké kúrú, àfi tí bọ́tìnì ọwọ́ rẹ̀ bá ní ihò gidi tí wọ́n ti lù. Fẹ àwòrán yẹn lójú fóònù rẹ, kí o wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ihò bá ti wà níbẹ̀, tí apá sì gùn jù, ọ̀dọ̀ èjìká ni mo ti máa dín in, o sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa èjìká.

Wò ó bí gbàǹjo wọn ṣe ń rìn. Wọn kì í já owó aṣọ torí pé àánú wa ń ṣe wọ́n. Àyè ni wọ́n ń wá. Inú oṣù Kẹfà yìí ni àwọn tó ń ṣe aṣọ ọkùnrin máa ń péjọ sí Florence ní Ìtálì fún ìpàtẹ aṣọ tí wọ́n ń pè ní Pitti Uomo, kí wọ́n tó gba Milan àti Paris lọ, aṣọ ìgbà ooru ti ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì ń fi hàn ara wọn níbẹ̀. Aṣọ ìgbà òtútù ti ọdún yìí ti wà lójú ọ̀nà, láti oṣù Keje sí Kẹjọ ló ń wọlé sí ilé ìtajà. Kí ni kí wọ́n ṣe sí líníìnì tó ṣì wà níbẹ̀? Wọ́n ní láti lé e jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìdá 30. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ó di 40 tàbí 50. Tó bá fi máa di ìparí oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ, èyí tó bá ṣẹ́kù lè dé 60 tàbí 70. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ìjọba ló ń dá ọjọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà òtútù láti inú oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nígbà ooru láti ìparí oṣù Kẹfà. Ní Ìlú Ọba, kálukú ló ń ṣe tirẹ̀, àmọ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni tiwọn ti ń gbóná jù.

Bí owó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni sáìsì ń tán. Ti àárín ló ń kọ́kọ́ lọ: 48, 50, 52, M àti L. Á wá ku ti ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ti gbọ̀ngbọ̀nràn. Bí ìsọ̀ ẹran ló rí. Ẹni tó bá débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ á rí i rà ní ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn àti bọ̀kọ́tọ̀ ló máa bá lórí àtẹ.

Ọ̀rọ̀ Black Friday tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá ń sọ. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Kọkànlá ni, ọjọ́ kejì Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ka ọjọ́ láti ibẹ̀ dé Sátidé kejì oṣù Kejìlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ẹrù lè jáde láti London kó dé Èkó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn gbogbo ayé ló ń fi ẹrù ránṣẹ́, àwọn aṣọ́bodè á yẹ̀ ẹ́ wò, á sùn sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, á tún wá bá ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa mọ̀ fínra. Lọ́dún kan, ẹrù oníbàárà mi kan lo ọjọ́ mọ́kànlá láti Èkó dé ọ̀dọ̀ wa, ìrìn wákàtí mélòó? Èmi náà á sì fẹ́ rí aṣọ yẹn kí ọjọ́ tó pé. Ta ló máa rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún ọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì?

Bí ẹrù bá tilẹ̀ ní ìyẹ́, bùlésà tí o rí yìí kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Aṣọ ìgbà ooru ni. Ní oṣù Kọkànlá, kóòtù onírun àgùntàn àti súwẹ́tà ló máa kún ibẹ̀, aṣọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdá 20 sí 30 ni wọ́n ń yọ lórí wọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn náà ló tún máa wálẹ̀ sí i lẹ́yìn Kérésìmesì. Ìdajì owó tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, àwọn tẹlifíṣọ̀n àti ìkòkò ìdáná ni wọ́n ń rò.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí wọn ò rántí: owó tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2024, mò ń ṣọ́ bàtà kan tó wà ní dọ́là 300. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bíi ₦1,200 nígbà yẹn. Ìyẹn jẹ́ ₦360,000. Mo ní ó ṣì máa wálẹ̀. Ó wálẹ̀ o, ó di dọ́là 220 ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kejì. Àmọ́ nígbà náà dọ́là ti kọjá ₦1,800. Bá mi ṣe é: 220 lọ́nà 1,800, ₦396,000. Bàtà sọ̀ kalẹ̀ ní dọ́là, ó gun òkè ní náírà. Ìyàwó mi ni mo sọ fún, ó rẹ́rìn-ín dé ibi pé ó jókòó sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ti ń ṣọ́ ọjà kan lórí fóònù, á ní, “Ẹ ò rí i, Bàbá Oní-máa-wálẹ̀.” Torí náà, bí o bá ti ní dọ́là nílẹ̀ nínú àpò owó òkèèrè rẹ ní báǹkì, o lè dúró de ìdá. Bí náírà lo ní, ohun méjì lò ń dúró dè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Káàdì náírà rẹ ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì dá tiwọn dúró lórí ọjà òkè òkun, ọdún 2025 ni àwọn kan tún ṣí i. Lọ bi tìrẹ léèrè iye tí wọ́n fi gbà ọ́ láyè lóṣù kí ọjọ́ ọjà tó kò. Mo ti rí ẹni tó jí ní òru de gbàǹjo, tó kó ọjà jọ tán, tí báǹkì wá kọ̀ fún un ní ojú ibi ìsanwó, nígbà tó fi máa mọ́, sáìsì rẹ̀ ti lọ.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Bùlésà, rà á ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní 560 yẹn, tí èjìká rẹ̀ bá bá ọ mu. Bí wàá ṣe mọ̀: mú jákẹ́ẹ̀tì kan tó ṣe ọ́ rẹ́gí, tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ìdojúbolẹ̀, kí o fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ojú ìrán èjìká kan dé èkejì. Bó bá jẹ́ ìnṣì 18, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 46. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n sábà máa ń kọ sí abẹ́ àwòrán. Má wọn ara rẹ o, aṣọ ni kí o wọ̀n. Ara ń mí, tábìlì kì í mí. Bàtà náà, rà á báyìí, ìrọ̀lẹ́ ni kí o sì wọn ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tí oòrùn bá ti lù ú látàárọ̀. 42 ti àwọn ará Yúróòpù ni 8 ti Ìlú Ọba. Ṣòkòtò, fi í sílẹ̀. Padà lọ wò ó ní ìparí oṣù Keje. Bí sáìsì tó tóbi jù ọ́ lọ ní ìnṣì méjì bá ló kù, má bẹ̀rù, rà á, kó o gbé e wá.

Sì tún bi ara rẹ ibi tí wàá ní kí wọ́n gbé ẹrù náà lọ. Bí ilé ìtajà kan ní Ìlú Ọba bá ń fi ọjà ránṣẹ́ tààrà sí Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yọ owó orí ọjà ti ibẹ̀ kúrò, ìdá 20: ohun tí ará London ń rà ní pọ́ùn 600, ìwọ á rí i ní 500. Bí o bá ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ ní London kó lè fi sínú báàgì bọ̀ wálé, 600 lo máa san, láti ọdún 2021 sì ni wọn kò ti dá owó yẹn padà fún arìnrìn-àjò mọ́. Àmọ́ ẹni tó gba ti tààrà ló máa san owó kúríà àti owó aṣọ́bodè. Fi bébà ṣe ìṣirò méjèèjì. Nígbà mìíràn báàgì ẹ̀gbọ́n ló dín owó kù jù, tí ẹ̀gbọ́n náà bá jẹ́ ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan sílé.

*Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Télọ̀. Ọkọ mi máa pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù Kẹsàn-án. Mo fẹ́ ra ohun tó dáa fún un lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Mo rí ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta bẹ́líìtì àti ṣẹ́ẹ̀tì Louis Vuitton, wọ́n ní wọ́n ti yọ ìdá 80, pé wákàtí méjì péré ló kù, aago kan sì ń kà á sẹ́yìn níbẹ̀. Ṣé kí n tètè sanwó? — Ìyá Olùkọ́, Òkè-Ẹlẹ́rìn*

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọjọ́ iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó o. Ẹ gbé fóònù náà sílẹ̀, kí ẹ lọ mu omi.

Louis Vuitton kì í ṣe gbàǹjo. Kì í ṣe ní oṣù Kẹfà, kì í ṣe lẹ́yìn Kérésìmesì. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n ń yọ ìdá 80 lórí ọjà tuntun rẹ̀, ayédèrú ni, tàbí kí wọ́n kàn gba owó yín kí wọ́n má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Aago tó ń kà sẹ́yìn yẹn, ẹ tún un ṣí lọ́la, ẹ máa bá wákàtí méjì níbẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ fi han mi, ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó, aago yìí ò lọ síbì kankan láti ìjẹta.”

Ní ti iye owó tí wọ́n fa ìlà sí lórí, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni irọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gbé owó ròkè kí wọ́n tó wá fa ìlà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn ará Yúróòpù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣòfin sí i: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé ìtajà tó bá ní òun já owó gbọ́dọ̀ sọ iye tó kéré jù tí òun tà á láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo ilé ìtajà Yúróòpù, ẹ wá ìlà kékeré yẹn lábẹ́ owó. Òun gan-an ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò yín. Fún ibi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwé àjákọ yín ti tó. Ẹ kọ orúkọ ọjà àti owó rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹ tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń máàkì ìwé ọmọ láti bí ọgbọ̀n ọdún, ìyẹn ò ní ni yín lára.

Kí wá ni kí ẹ rà fún Bàbá? Oṣù Kẹsàn-án dáa fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí oṣù Kẹfà kọjá. Ní ìparí oṣù Keje, ẹ wá ṣẹ́ẹ̀tì líníìnì. Àwọn òyìnbó ń sá fún un nígbà yẹn torí òtútù ń bọ̀, àwa ní tiwa, oṣù wo la kì í wọ líníìnì ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ohun tí wọ́n kà sí aṣọ oṣù mẹ́ta, aṣọ ọdún kan gbáko ni lọ́dọ̀ wa. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí kàlẹ́ńdà wọn ti ṣe wá lóore tó èyí.

Kí ẹ sì wo àwọ̀. Funfun àti aró, wọn kì í sábà já owó wọn, torí ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa tà wọ́n, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò dè wọ́n. Àwọ̀ tí ọkùnrin òyìnbó ń bẹ̀rù ló máa ń bá gbàǹjo dé òpin: elésè-àlùkò, àwọ̀ ọsàn, pupa bí ọtí wáìnì, àwọ̀ ewé. Ìyá, ẹ bá mi wò ó, èwo nínú ìwọ̀nyẹn ni a kò tíì fi ṣe aṣọ ẹbí rí? Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì elésè-àlùkò kan lọ́dún tó kọjá tí owó rẹ̀ ti dé ìdá 70 tí sáìsì M ṣì pé níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ pẹ̀lú fìlà tó bá a mu, àwọn obìnrin sì ń bi í ibi tó ti rí aṣọ.

Fún ṣẹ́ẹ̀tì, ọrùn ni kí ẹ wọ̀n, láti inú èyí tí Bàbá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá wà ní ibi iṣẹ́, kí wọ́n má baà fura. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà náà kò ṣeé dá padà. Ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìlú Ọba tàbí Yúróòpù ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n owó kúríà láti ọ̀dọ̀ wa lọ síbẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ṣẹ́ẹ̀tì náà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni kì í fẹ́ gba ohun tẹ́ ẹ bá ti rà padà.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under-G ni mò ń gbé. Wọ́n ní inú oṣù Kìíní ni kóòtù òtútù máa ń wálẹ̀ jù. Mo ti ń tọ́jú owó dè é. Kóòtù onírun àgùntàn dúdú kan ló wù mí, tó gùn dé orúnkún. Ṣé oṣù Kìíní náà ni? — Ọmọ Under-G*

Oṣù Kìíní ni, wọn ò parọ́ fún ọ. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di òpin oṣù Kìíní wọ oṣù Kejì, ó ti dé ìsàlẹ̀. Bí ilé ìtajà London bá ní ọ̀gànjọ́ òru ni àwọn máa ṣí i, aago kan òru lọ́dọ̀ wa nìyẹn nígbà òtútù. Ní oṣù Kẹfà yìí, aago tiwa àti tiwọn dọ́gba. Tí o bá fi orúkọ àti ímeèlì rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí wọ́n mọ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n níbo lo ti fẹ́ wọ kóòtù náà? Ọyẹ́ mú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò jiyàn, ó mú débi tí ètè fi ń bẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, oòrùn ti yọ, ìwọ á wà nínú kéké pẹ̀lú kóòtù dé orúnkún, òógùn á máa ṣàn, eruku á ti sọ dúdú di eérú. Mo ti fọ irú ẹ̀ fún oníbàárà kan, omi tó jáde lára rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Tí ọyẹ́ lásán bá ni, ra jákẹ́ẹ̀tì fúlẹ́fúlẹ́ onízíìpù, inú gbàǹjo kan náà ló wà, owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti kóòtù.

Tó bá jẹ́ pé o ń múra àtijáde lọ kàwé sí i ní Kánádà tàbí ibòmíràn, tí o kò fẹ́ sọ ọ́ síta, ìyẹn yàtọ̀. Mi ò ní béèrè. Èjìká kóòtù kò yàtọ̀ sí ti bùlésà, nítorí náà rà á nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ já a, má dúró de ìdá 70. Fi ìnṣì kan kún ìwọ̀n àyà rẹ, torí súwẹ́tà máa wà lábẹ́ rẹ̀. Kí o tó san kọ́bọ̀, mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n bá ọ wọ̀n ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mo wà níbẹ̀ àfi Sunday, àti ọ̀sán Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tí à ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Bí o bá bá ilẹ̀kùn ní títì lọ́jọ́ yẹn, obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á pè mí.